Ta ló ta àwìn fún yín nígbà tí owó gbẹ lọ́dún 2023? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Tíṣà Mọ́níyà

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Fóònù mi ní òun ti kún, ni mo bá jókòó lánàá, mo ń pa àwọn fọ́tò tí ò wúlò rẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti kan fọ́tò pátákó kan tí wọ́n fi èédú fa ìlà sí lára. Ẹni tí ò bá mọ ìtàn ẹ̀ á rò pé ọmọdé ló fi ṣeré.

Pátákó màmá alákàrà àdúgbò wa ni. Ẹ rántí Fẹ́búárì 2023? Owó wà ní báńkì, ebi wà níkùn, àwọn méjèèjì ò sì ríra. Wọ́n ní ₦200, ₦500 àti ₦1,000 ti àtijọ́ ò ní ná mọ́, tuntun tí wọ́n ní ká máa ná ò sì jáde. Wọ́n ti san owó oṣù mi o, síbẹ̀ mo dúró síwájú agbada àkàrà láìní kọ́bọ̀ lápò. Mo ní kí n ṣe tiransifáà. Màmá ní fóònù olóhùn lásán lòun ní, ta ló máa bá òun wò ó bóyá owó wọlé?

Ni wọ́n bá bu àkàrà fún mi. Wọ́n mú èédú lẹ́bàá ààrò, wọ́n ya nǹkan sára pátákó. Mo yọjú wò ó: òdo méjì tí ìlà kékeré kan so pọ̀. Awò ojú mi ni! Màmá ò kàwé. Fìlà ni wọ́n yà fún àáfà, àlùmọ́gàjí fún télọ̀, òdo ràbàtà kan fún ẹni tó ń lẹ táyà lójú títì. Ìlà kan lábẹ́ àwòrán rẹ, ₦100 nìyẹn.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọmọ wọn ti kọ nǹkan sí ojú kejì pátákó náà tipẹ́: KÒ SÍ ÀWÌN LÓNÌÍ, Ó DỌ̀LA. Màmá kàn dà á dojú dé ni.

Báńkì tó ní fọ́tò mi, tó ní ìtẹ̀ka mi, tó fún mi ní BVN, ò fún mi ní ₦1,000 lọ́jọ́ yẹn, lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin lórí ìlà. Màmá ò tilẹ̀ mọ orúkọ mi.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ta àwìn fún yín?

Bàbá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Tíṣà, ẹ ṣeun. Tèmi ò ní àkàrà nínú, ṣùgbọ́n àwìn náà ni.

Ọ̀sẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ ń dáná sun táyà ní Sápọ́n nítorí owó yìí ni ìrọbí mú ìyàwó mi, ní nǹkan bí aago méjì òru. Oníkẹ̀kẹ́ tó gbà láti gbé wa ní òun ò gba tiransifáà, pé èyí tí wọ́n ṣe fún òun láti ọjọ́ mẹ́ta ò tíì wọlé. N ò lè bá a jà, òótọ́ ló ń sọ. Ilé ìwòsàn tí à ń lọ náà sì ti kìlọ̀ pé owó lọ́wọ́ làwọn máa gbà.

Akọrin ni mí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì tiwa ti lẹ nọ́ńbà àkáǹtì mọ́ ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ látìgbà tí owó ti wọ́n, ọrẹ ò kan àpò mọ́. Ilé tó kàn wá ni àáfà tó ń kírun fún wọn ní mọ́sáláṣí kékeré òpópónà wa ń gbé. Ẹ jẹ́ n fi òótọ́ inú sọ ọ́: oṣù kan ṣáájú ìgbà yẹn ni mo lọ fẹjọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn sun onílé. Àáfà sì mọ̀ pé èmi ni.

Wọn ò tíì sùn, ìrun òru ni wọ́n ń kí. Mo ro ẹjọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà. Wọn ò dá mi lóhùn, wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ lára ìṣó, wọ́n ṣáájú mi lọ sí mọ́sáláṣí, wọ́n ṣí àpótí sàárà, wọ́n da gbogbo ẹ̀ sórí ẹní. ₦20, ₦50, ₦100: àwọn owó kéékèèké tí wọn ò pààrọ̀, tí olúkúlùkù ń wá bí ẹni ń wá omi nínú ọ̀gbẹlẹ̀. A kà á lórí ìkúnlẹ̀. ₦4,350.

Ìbejì ni wọ́n o. Ibẹ̀ ni orúkọ mi ti wá.

Nígbà tí mo fẹ́ fi tiransifáà san án padà, àáfà rẹ́rìn-ín. "Bàbá Ìbejì, àpótí ò ní àkáǹtì. Bó ṣe jáde ni kó ṣe wọlé." Oṣù Épírì ni mo tó rí owó kéékèèké kó jọ, mo sì kà á padà sínú àpótí náà ní ₦50, ₦50. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn yẹn ṣì ń pariwo títí dòní. Ó ti mọ́ mi lára.

Akọ̀wé Kékeré

Bàbá Ìbejì, ẹ kú oríire. Ṣùgbọ́n ṣé ó tọ́ kí wọ́n fi owó sàárà gbé ẹni tí kì í ṣe mùsùlùmí lọ sílé ìwòsàn?

Bàbá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Mo bi wọ́n bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà. Wọ́n ní ọmọ tó fẹ́ jáde ò tíì sọ ẹ̀sìn tó ń ṣe fún àwọn.

Fàtímọ̀ Oní-POS

Ẹ bú wa tán láyé ìgbà yẹn, ẹ pè wá ní ọ̀dájú. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí. Ilé epo ni mo ti ń ra owó, mo ń fi owó ra owó! Bí mo bá fi ₦12,000 ra ₦10,000, èló ni kí n tà á? Àwọn kan ò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ bàbá arúgbó kan wá lọ́jọ́ kan, ₦3,000 ni wọ́n fẹ́ gbà. Mo ní owó orí ẹ̀ ₦900. Wọn ò jà, wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé iye tó yẹ ẹ́ nìyẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Wọ́n ní, "Olúwa á fi bùkún ẹ," wọ́n sì ka ₦3,000 wọn, wọ́n lọ.

Tí ẹ bá ṣe ìṣirò náà, ẹ ó rí i pé mo lè yọ ₦300 kúrò níbẹ̀ kí n má pàdánù kọ́bọ̀. Ká ní wọ́n bú mi ni, n bá ti gbàgbé. Àdúrà yẹn ni n ò lè gbé mì. Èmi ò ta àwìn fún ẹnikẹ́ni ní tèmi, ìrírí mi nìyẹn.

Tíṣà Mọ́níyà

Fàtímọ̀, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́.

Ọmọ Òṣogbo ní Peckham

Èmi ń fi pọ́n-ùn ránṣẹ́ láti ìhín, inú mi ń dùn pé mò ń tọ́jú ìyá mi. Gbogbo ìgbà tí àláátì bá wọlé, wọ́n á pè mí: "Mo ti rí i o, Ọlọ́run á pèsè fún ẹ." Rírí ni wọ́n rí i lóòótọ́, wọn ò rí i gbà jáde. Wọn ò sọ. Ẹ mọ àwọn ìyá wa.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọ̀rọ̀ já bọ́ lẹ́nu wọn pé gaàrí tí ọ̀rẹ́ mi gbé wá yẹn dáa. Ọ̀rẹ́ wo? Ọ̀rẹ́ tí a jọ lọ sílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí a ti bára wa yodì fún ọdún mẹ́fà nítorí ₦15,000 owó aṣọ ẹbí. (Mi ò ní sọ ẹni tó jẹ̀bi. Òun ló jẹ̀bi.) Ó ti ń gbé gaàrí, ẹ̀wà àti epo wá fún màmá mi látìgbà tí wàhálà náà ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti kì wọ́n nílọ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ sọ fún mi.

Mo wá nọ́ńbà rẹ̀, mo pè é. Kí n tó dúpẹ́ tán, ó ní, "Ìyá ẹ ni mò ń bọ́. Mi ò tíì ní mo bá ìwọ sọ̀rọ̀." Ó gé fóònù.

Ọjọ́ kẹta, ohùn rẹ̀ wọlé lórí WhatsApp, kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ: "Ṣé òtútù ibẹ̀ yẹn ṣì ń mú ẹ lórúnkún?" Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà. Àwọn òyìnbó ń wò mí bí mo ṣe ń sunkún.

Alátà Mile 12

Ẹ kú ọpẹ́ o, gbogbo yín. Èmi tí mo ta àwìn ńkọ́?

Tòmátì ò mọ̀ pé kò sówó. Ó ń rà lójú mi, apẹ̀rẹ̀ lórí apẹ̀rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó rí owó fi rà á. Mo wá ń tà á láwìn, ó sàn ju kí n dà á sáàtàn. ₦38,000 ni gbogbo àwìn tí mo ta. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ lọ́jọ́ 3 oṣù Máàṣì pé owó àtijọ́ ṣì ń ná, síbẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà kí wọ́n tó ń gbà á lọ́wọ́ wa. Àwọn kan wá san tiwọn nígbà yẹn, Ọlọ́run á san án fún wọn. ₦11,000 ṣì wà níta. Ìyàwó tuntun kan tó ní òun fẹ́ se ọbẹ̀ àlejò, n ò tún fojú kàn án mọ́.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó dúpẹ́ tán, ẹ wo ẹ̀yìn yín wò.

Tíṣà Mọ́níyà

Alátà, ọ̀rọ̀ yín ò jẹ́ kí n sùn. Mo tún ṣí fọ́tò yẹn lóru àná. Ọjọ́ tí mo lọ san gbèsè mi ni mo yà á, kí wọ́n tó fi àkísà nù ún. Mo fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù, mo ka ìlà tó wà lábẹ́ awò ojú mi. Méje ni.

Mo sì rántí dáadáa: ₦500 kan àti ₦100 kan ni mo nà sí màmá. Wọn ò bojú wo pátákó rárá. Wọ́n ní, "Ó pé, tíṣà."

Màmá ti kó lọ bá ọmọ wọn ní Ṣakí láti ọdún tó kọjá. Ẹ̀yin ará Mọ́níyà tó wà níbí, ẹni tó bá mọ ilé náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Wọn ò ní àkáǹtì, èmi ni màá gbé e lọ.