Ẹ̀yà kọ́ ni wọ́n fẹ́ kà ní Íńdíà

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o.

Àbúrò wa tó ń túmọ̀ ìròyìn fún rédíò béèrè ohun tí òun yóò máa pe nǹkan tí Òyìnbó ń pè ní caste, ètò tó ń fi àwọn ènìyàn sí òkè tàbí ìsàlẹ̀ láti ìgbà tí a ti bí wọn. Ìròyìn tó fẹ́ kà ni pé ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ Íńdíà kéde pé àwọn yóò fi ìbéèrè nípa rẹ̀ sínú ètò ìkànìyàn tó ń bọ̀, èyí tí wọ́n fi ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 2027 ṣe ọjọ́ ìṣirò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní kó kọ "ẹ̀yà". Ẹlòmíràn ní "kíláàsì" ló yéni jù. Ìyá wa tó máa ń là wá lóye lórí oríkì ní "ìdílé oníṣẹ́" ló sún mọ́ ọn. Ẹnìkan tún fi kún un pé kí a máa pe àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ní "ẹni èèwọ̀". Ẹ forí jì mí, ẹ̀yin àgbà, kò sí ọ̀kan tí mo lè fọwọ́ sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, nítorí pé orúkọ tí rédíò bá fún un lónìí ni àwọn ọmọ wa yóò fi mọ̀ ọ́n.

Tí mo bá gbọ́ "ẹ̀yà", Yorùbá, Tápà, Ìgbò àti Haúsá ló ń wá sí mi lọ́kàn: èdè ọ̀tọ̀, ilẹ̀ ọ̀tọ̀, ìtàn ọ̀tọ̀. Íńdíà ní irú èyí lọ́pọ̀lọpọ̀. Tamil ń bẹ, Bengali ń bẹ, Marathi ń bẹ, Punjabi ń bẹ. Ẹ̀yà nìyẹn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo abúlé Tamil kan ṣoṣo. Èdè kan náà ni gbogbo wọn ń sọ, òjò kan náà ló ń rọ̀ sí oko wọn, síbẹ̀ Brahmin, ìsọ̀rí àwọn àlùfáà tó wà lókè pátápátá, ní òpópónà tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́ńpìlì, àdúgbò àwọn Dalit, àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, sì wà lọ́tọ̀ lẹ́yìn abúlé. Ṣé ẹ̀yà méjì ni wọ́n ni?

Ìdí kejì tún wà. Àkọsílẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ méjì ló wà nínú òfin Íńdíà. Ọ̀kan jẹ́ ti àwọn tí wọ́n ti ń ta nù láti ìran dé ìran, tí wọ́n ní ẹni tó bá fara kàn wọ́n ti di aláìmọ́. Èkejì jẹ́ ti àwọn Adivasi, bíi Santal àti Gond, tí wọ́n ní èdè àti ilẹ̀ tiwọn. Nínú iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga rẹ̀, 15% àyè ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn àkọ́kọ́, 7.5% fún àwọn kejì. Adivasi ni "ẹ̀yà" bá mu. K. R. Narayanan tó ṣe ààrẹ láti 1997 sí 2002 jẹ́ Dalit. Droupadi Murmu tó di ààrẹ ní 2022 jẹ́ Santal. Bí rédíò wa bá sọ pé "ẹ̀yà tí wọ́n ń rẹ́ jẹ" ni àwọn méjèèjì ti wá, a ti da ìtàn méjì pọ̀ mọ́ra fún olùgbọ́.

Ti "kíláàsì" kò gba àkókò. Owó àti ìwé ló ń gbéni sí kíláàsì, ẹni tó wà nísàlẹ̀ lónìí sì lè gòkè lọ́la. Bhimrao Ambedkar, Dalit tó wá di aṣáájú wọn, kàwé ní yunifásítì Columbia ní New York, ó tún kàwé ní London. Nígbà tó padà sílé ní 1917 láti ṣiṣẹ́ fún ọba Baroda, kò rí ilé gbé ní ìlú náà. Ó fi orúkọ àwọn Parsi, ẹlẹ́sìn mìíràn, wọ ilé àlejò wọn kan, àwọn ènìyàn sì gbé igi wá lé e jáde nígbà tí àṣírí tú pé Mahar ni, ọ̀kan lára àwọn ìsọ̀rí Dalit. Ìwé rẹ̀ pọ̀ ju ti gbogbo àwọn tó gbé igi náà lọ.

Èrò Ìyá wa ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ń jẹ́ Àyántúndé, a mọ̀ pé ìdílé onílù ni wọ́n bí i sí. Ọ̀jẹ̀lábí, ọmọ eléégún. Fádélé, ọmọ onífá. Ògúndélé, ọmọ alágbẹ̀dẹ tàbí ọdẹ. Ní Íńdíà náà, amọ̀kòkò, alágbẹ̀dẹ, onígbàjámọ̀, alágbàfọ̀ àti oníṣẹ́ awọ, kálukú ló ní àwọn tí a bí sí ìdí rẹ̀, orúkọ wọn sì sábà máa ń sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìgbéyàwó. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ ìdílé kan náà kò gbọ́dọ̀ fẹ́ ara wọn. Ohun tí "ìdílé" máa ń ránni létí nìyẹn: bí o bá fẹ́ fẹ́yàwó, jáde lọ síta. Òfin tiwọn dojú kọ ibòmíràn: inú ìsọ̀rí tí a bí ọ sí ni kí o ti fẹ́yàwó, má jáde. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní 2011 sí 2012 fi hàn pé nǹkan bí 5% péré nínú ìgbéyàwó ibẹ̀ ló kọjá ààlà yìí. Àwọn Híńdù tún ní ohun tí wọ́n ń pè ní gotra, ìran bàbá, tí ọmọ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fẹ́ ara wọn. Gotra ni "ìdílé" tàbí "ìran" lè túmọ̀ dáadáa. Bí a bá wá fi ọ̀rọ̀ kan náà pe èyí tí a gbọ́dọ̀ fẹ́ nínú rẹ̀ àti èyí tí a kò gbọ́dọ̀ fẹ́ nínú rẹ̀, báwo ni òǹkàwé yóò ṣe mọ̀ ọ́n yà?

Ti omi tún wà níbẹ̀. N kò gbọ́ ọ rí nílẹ̀ Yorùbá pé wọ́n da omi ìkòkò nù torí pé ọmọ Àyàn bu mu níbẹ̀. Ní ilé ìwé tí Ambedkar lọ ní kékeré, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ohun èlò omi. Ìránṣẹ́ ilé ìwé ló ń dà á fún un láti òkè, ọjọ́ tí ìránṣẹ́ náà kò bá wá, òùngbẹ ni yóò gbẹ ọmọ náà títí di alẹ́. Nígbà tó dàgbà, ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 1927, òun àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn rìn lọ sí adágún Chavdar ní ìlú Mahad, wọ́n sì bu omi mu. Adágún tí ẹran ọ̀sìn ń mu ni, àwọn nìkan ni wọ́n ní kí wọ́n má dé ibẹ̀. Wọ́n lù wọ́n lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn náà ni àwọn tó wà lókè ṣe ètùtù láti fi wẹ adágún náà mọ́. Ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́, nínú ìdílé oníṣẹ́ tiwa, èwo ló ní irú ìtàn yìí?

Ti agbépòó Èkó àtijọ́ ló sún mọ́ ọn díẹ̀. Wọ́n tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, ọmọdé ń sá fún un, ìyẹn kò ṣeé sẹ́. Àmọ́ bó bá ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó bọ́ nìyẹn, ọmọ rẹ̀ kò sì jogún garawa. Ní Íńdíà, wọ́n ń bí ènìyàn sí ìdí garawa yẹn. Wọ́n ṣòfin tako kíkó ìgbẹ́ lọ́wọ́ ní 1993, wọ́n tún ṣe èyí tó le sí i ní 2013, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ṣì ń wọ inú kòtò ìdọ̀tí lọ láìsí ohun ààbò, tí èéfín ibẹ̀ ń pa wọ́n, Dalit ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Inú mi kì í dùn láti ka irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kí n sì rí i pé "òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó" nìkan ni a fi túmọ̀ rẹ̀, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ló lè jẹ́.

Ti orúkọ náà kò dọ́gba. Àwa ń fi Àyàn àti Ọ̀jẹ̀ yangàn. Ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, láti ayé ẹgbẹ́ ajàfún-iyì-ara-ẹni tí Periyar ṣe aṣáájú rẹ̀ láti 1925, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti yọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kúrò lára tiwọn, lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ bàbá wọn ni wọ́n ń lò, kí ẹnikẹ́ni má bàa gbọ́ orúkọ kó sì ti mọ ìjókòó tí yóò fún wọn.

Ohun tó fa gbogbo wàhálà yìí ni pé ọ̀rọ̀ Òyìnbó la gbé síwájú, a kò wo tàwọn onílé. Lọ́dọ̀ àwọn Potogí ni ọ̀rọ̀ Òyìnbó náà ti wá, "casta", irú-ọmọ. Àwọn ará Íńdíà kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún un, méjì ni tiwọn. Varna ni àgbékalẹ̀ inú ìwé mímọ́ àtijọ́, mẹ́rin ni: Brahmin (àlùfáà), Kshatriya (ọba àti jagunjagun), Vaishya (oníṣòwò àti àgbẹ̀), Shudra (òṣìṣẹ́). Àwọn tó ń jẹ́ Dalit lónìí kò sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìta ni wọ́n fi wọ́n sí. Jati ni èyí tí ènìyàn ń gbé nínú rẹ̀ lójoojúmọ́, òun ni wọ́n ń béèrè nígbà ìgbéyàwó, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló sì wà. Inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "bí", bí a ṣe ń bí ọmọ, ni jati ti jáde.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe eré ọ̀mọ̀wé. Ní ìkànìyàn 1931, jati 4,147 ni wọ́n kọ sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba ṣe ìwádìí tó tún béèrè rẹ̀ lọ́dún 2011, orúkọ tó ju mílíọ̀nù 4.6 lọ ló jáde, wọn kò sì tẹ èsì jati náà jáde títí dòní. Ẹnìkan kọ jati, ẹlòmíràn kọ gotra, ẹlòmíràn kọ orúkọ ìdílé, orúkọ kan náà sì ní ọ̀nà ìkọ̀wé oríṣiríṣi. Àìmọ ohun tí ìbéèrè ń béèrè gan-an ló bà á jẹ́.

Nítorí náà, ohun tí mo mú wá rèé. Fún gbogbo ètò náà lápapọ̀, kí a máa pè é ní "ipò àbímọ́". "Àbímọ́" ń sọ pé a bí i mọ́ ọn ni, kò rà á, kò sì lè tà á. "Ipò" ń sọ pé òkè àti ìsàlẹ̀ wà níbẹ̀. "Ẹ̀yà" kò sọ èkíní, kò sì sọ èkejì. Fún varna, "ìpele". Fún jati, kí a kọ "jàtí" bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, bí a ti ń kọ àlùbáríkà àti àlùbọ́sà tí ẹnikẹ́ni kò bi wá léèrè ibi tí a ti rí wọn.

"Ẹni èèwọ̀" ni mo kọ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀. Òfin ìpilẹ̀ Íńdíà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 26 oṣù Kìíní ọdún 1950, tí Ambedkar fúnra rẹ̀ ṣe alága ìgbìmọ̀ tó kọ ọ́, ti pa ìwà kíka ènìyàn sí aláìmọ́ rẹ́ ní abala 17. Èéṣe tí Yorùbá yóò fi wá dá orúkọ tuntun fún èébú tí onílé ti fòfin dè? Gandhi pè wọ́n ní Harijan, ọmọ Ọlọ́run. Ambedkar àti ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbà á, torí pé àánú ló wà nínú rẹ̀, kò sí ẹ̀tọ́. Dalit ni wọ́n yàn fúnra wọn, àwọn tí wọ́n tẹ̀ fọ́. Ní 2018, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìròyìn gba àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n nímọ̀ràn pé kí wọ́n yé lò ó, orúkọ inú òfin ni kí wọ́n máa lò, ọ̀pọ̀ Dalit sì bínú. Orúkọ tí ènìyàn fi ìyà rà, mi ò rí ìdí tí a ó fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ Dalit nínú èdè wa.

Ẹni tó sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn Híńdù lásán ni, kó wo àwọn Kristẹni Dalit, tí àwọn kan nínú wọn ń sin òkú sí itẹ́ ọ̀tọ̀ nínú ìjọ kan náà. Àṣẹ tí ààrẹ Íńdíà pa ní ọdún 1950 kò kà wọ́n mọ́ àwọn tó ní ẹ̀tọ́ sí 15% yẹn. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn náà fún Sikh ní 1956, fún ẹlẹ́sìn Búdà ní 1990. Kristẹni àti Mùsùlùmí ṣì wà níta. Ipò àbímọ́ bá wọn kọjá ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Fún àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀, "kótà" tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ ti tó. Èmi gbà pé ó yẹ kí wọ́n ka iye ènìyàn jàtí kọ̀ọ̀kan. Láti 1990 tí ìjọba V. P. Singh ti kéde 27% kótà fún àwọn jàtí tí wọ́n rẹ̀yìn tí wọn kì í ṣe Dalit, iye ènìyàn ọdún 1931 ni wọ́n fi ń méfò. Nígbà tí ìpínlẹ̀ Bihar ka tirẹ̀ ní 2023, àwọn jàtí wọ̀nyí lé ní 63%, àwọn tí kò sí nínú kótà jàtí kankan kò sì ju 15.52% lọ. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé kíkà á yóò mú kó fìdí múlẹ̀ sí i. Ó ti fìdí múlẹ̀ láìka ẹnikẹ́ni.

Àbúrò wa, gbólóhùn tí ìwọ yóò kà nìyí: "Ìjọba Íńdíà yóò béèrè jàtí olúkúlùkù nínú ìkànìyàn ọdún 2027. Ọdún 1931 ni wọ́n tẹ irú rẹ̀ jáde gbẹ̀yìn fún gbogbo jàtí. Àwọn Dalit àti àwọn mìíràn tí ipò àbímọ́ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ ń retí pé èsì náà yóò tún kótà iṣẹ́ àti ti ilé ẹ̀kọ́ ṣe." Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju "ìpele" lọ fún varna, kó mú un wá, n óò gbà á. "Jàtí" àti "Dalit" ni n kò ní fi sílẹ̀.