Ariwo tín-ín-rín tó ń ké lábẹ́ ọkọ̀ mi: ẹni tó bá ti ṣe rí, ẹ wá sọ tiyín

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí lórí ọkọ̀ mi, kí ẹni tí irú ẹ̀ bá ń ṣe lọ́wọ́ má baà náwó dànù bí mo ṣe ná an. Ẹ̀yin tó ti kan náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mọ sínú.

Carina ni mo ń wà, èyí tí wọ́n ti lò ní Yúróòpù kó tó gba èbúté Kútọnú wọlé. Ọsàn àti gaàrí ni mo fi ń kó láti Kétu wá sí Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, Pobẹ̀ àti Sakẹ́tẹ́ ni mo sì máa ń gbà. Nǹkan bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, mo kúrò ní Pobẹ̀ ní ìdájí, títì dá, mo ti gíláàsì pa nítorí òtútù. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Kì í ṣe ariwo ńlá. Ó kàn ń ké fíìì, bí ẹ̀fọn tó há sínú agolo. Mo dín eré kù, ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀. Mo tún tẹ mọ́tò, ó gbóhùn sókè. Ìyàwó mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, òun fúnra ẹ̀ ló fọwọ́ kàn mí: "Bàbá Ṣadé, nǹkan ń sunkún nínú mọ́tò yìí o."

Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ lọ bá ní Àjàṣẹ́ tẹ ẹ́ńjìnnì lórí ìdúró, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní kò sí méjì, jíà ni. A da ọ́ìlì jíà nù, a rọ tuntun sí i. Mo wà á dé Sakẹ́tẹ́, fíìì. Ẹnì kejì ní alternateur ni, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná, pé ìdí ẹ̀ ti jẹ. Mo san 35,000 fúránkì lórí èyí tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ mìíràn. Wọ́n dè é tán, mo tún gbọ́ fíìì kí n tó jáde kúrò nílùú. Ó dùn mí gan-an. Owó ilé ìwé ọmọ wà nínú owó yẹn.

Kétu ni Ọlọ́run ti ṣàánú mi. Bàbá àgbà kan ń tún mọ́tò ṣe nítòsí Àkàbà Ìdẹ̀ná, ẹnubodè àtijọ́ yẹn. Ẹni tí mo ń ra ọsàn lọ́wọ́ ẹ̀ ló mú mi lọ síbẹ̀. Bàbá ò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rárá. Orí àpótí ni wọ́n jókòó sí, ìbéèrè ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

"Ọmọ mi, bí o bá dúró lójú kan, tí o tẹ ẹ́ńjìnnì, ṣé ó máa ń ké?"

"Rárá, Bàbá."

"Bí o bá wà lórí eré, tí o yọ ọ́ kúrò nínú jíà, tí o jẹ́ kó máa yọ̀ lọ fúnra ẹ̀, ṣé ó máa ń dákẹ́?"

Mo ní mi ò dán ìyẹn wò rí. Wọ́n ní, "Gbé kọ́kọ́rọ́, ká lọ."

A gba ọ̀nà Ilárá jáde. Nígbà tí mo dé 70, wọ́n ní kí n yọ jíà. Ẹ́ńjìnnì rọ̀, ariwo ò rọ̀. Bàbá ní, "O gbọ́ ọ? Ẹ́ńjìnnì ti yọ ara ẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó ń bá ẹsẹ̀ mọ́tò yí ló ń ké." Alternateur, bẹ́líìtì, ẹ̀rọ omi, gbogbo wọn ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń bá yí. Bí eré ẹ́ńjìnnì bá lọ sílẹ̀, tiwọn náà gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀. Ìṣẹ́jú kan ni ìdánwò yìí gbà wá, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀.

Wọ́n ní kí n tún wọ jíà, kí n tẹ̀ ẹ́, kí n fi sílẹ̀, kí n tún tẹ̀ ẹ́. Kò yí ohùn padà. Wọ́n ní tó bá jẹ́ eyín jíà ló jẹ, ìgbà tó ń fa ẹrù àti ìgbà tí èèyàn gbẹ́sẹ̀ kúrò kì í sábà dún bákan náà. Ojú ọ̀nà ṣófo, wọ́n wá ní kí n fi ọgbọ́n yà sí ọ̀tún díẹ̀díẹ̀. Yéè! Ariwo yẹn ru sókè. Mo yà sí òsì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Bàbá kàn mi orí. "Bí o bá yà sí ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì ni mọ́tò fi ara tì. Ẹsẹ̀ òsì iwájú ni ká lọ wò."

A padà délé, wọ́n fi jáàkì gbé e. Ohun tí wọ́n ṣe tẹ̀ lé e ni mi ò lè gbàgbé. Wọ́n fi ọwọ́ kan di sípíríǹgì tó wà lẹ́yìn táyà mú, wọ́n fi èkejì yí táyà. Wọ́n wá ní kí n fọwọ́ tèmi kan sípíríǹgì náà. Etí mi ò gbọ́ ohun kan tó nítumọ̀, ṣùgbọ́n ìka mi gbọ́ ọ: gírígírí, gírígírí, bí ìgbà tí èèyàn ń lọ àgbàdo gbígbẹ lórí ọlọ. A lọ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, a ṣe bákan náà, ó yí láìsí gírígírí kankan. Wọ́n tún di táyà òsì mú lókè àti nísàlẹ̀, wọ́n mì ín. Ó mì díẹ̀.

Roulement ẹsẹ̀ òsì ni, òrùka irin tó ní ọta róbótó nínú, èyí tí táyà ń yí lé lórí. Tuntun jẹ́ 12,000 fúránkì. Bàbá kìlọ̀ fún mi pé kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òòlù gbá a wọlé o. Ẹ̀rọ tó ń tẹ irin ni kí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, kí ó sì jẹ́ pé òrùka tó ń wọ ihò gan-an ni wọ́n máa tẹ̀, torí bí agbára bá gba àárín ọta kọjá, á ti fara pa kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ náà. Láti ọjọ́ yẹn, kẹ́kẹ́ pa.

Ẹ̀yin ńkọ́?

Ẹnì kan láti Sábẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àjálù o. Tèmi kò dúró dìgbà tí mo bá wà lórí eré. Ní àràárọ̀, bí mo bá fẹ́ yí orí mọ́tò jáde nínú ọgbà, á máa ké wúùù bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n dì mú. Mo bá ti to orí ẹ̀ tọ́, á dákẹ́. Àwọn èèyàn ní bẹ́líìtì ni, mo pààrọ̀ bẹ́líìtì. Àṣé ọ́ìlì sitiárìn ló ń jò, láti ìdí rọ́bà tó gbé e kọjá. Ó ti lọ sílẹ̀ débi tí ẹ̀rọ fi ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ ọ́ìlì. Nígbà tí a ṣí ìdérí ẹ̀, ọ́ìlì inú ẹ̀ ń hó, ó kún fún ìfófòó bí omi ọṣẹ.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹni méjì ti ń rọ ọ́ìlì sí i fún mi tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń gbowó, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò wá ibi tó ń jò. Bí ó bá ń lọ sílẹ̀, ibì kan ló ń gbà jáde, ẹ tẹ̀ lé ojú ẹ̀. Ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ sórí ìdérí kí ẹ tó rọ ohunkóhun, torí ọ́ìlì tí mọ́tò kan ń lò, òmíràn ò gbọdọ̀ lò ó. Ẹ má sì yí orí mọ́tò dé òpin kí ẹ dì í mú síbẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn ń jìyà nígbà náà.

Ìyá Ìbejì, Wàǹdó

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ jẹ́ kí obìnrin náà sọ̀rọ̀. Mo ń ta aṣọ ní Wàǹdó, mọ́tò kékeré ni mo fi ń kó o. Tèmi, ẹ̀yìn ló ti ń ké, lábẹ́ àga tí àwọn ọmọ ń jókòó sí. Àwọn ìbejì ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ, wọ́n ní, "Màmá, oyin wà nínú àga." Mo bá wọn wí pé kí wọ́n yé parọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ máa gbọ́ ọmọ.

Ẹ̀rọ tó ń fa epo ni. Inú táǹkì ló ń gbé, epo tó yí i ká ló sì ń mú un tutù. Èmi kì í rọ epo kún, lítà méjì lónìí, lítà mẹ́ta lọ́la, epo kpayo tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, nítorí bí owó ṣe ń wọlé ni mo ṣe ń rà á. Nígbà tí wọ́n yọ ẹ̀rọ náà, asẹ́ ẹnu ẹ̀ dúdú kirikiri, ìdọ̀tí ti dí i pa. Ẹ̀rọ ń fi agbára fa ohun tí kò rí fà, ló fi ń ké. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kó yí kọ́kọ́rọ́ láì tíì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́, kó fetí sẹ́yìn. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, á kùn díẹ̀, á sì dákẹ́. Tèmi ń han ni. Ó fi mí sílẹ̀ lójú ọ̀nà lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀, pẹ̀lú ọmọ méjì àti ẹrù aṣọ. Ní báyìí, mi ò jẹ́ kí epo mi lọ sílẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin táǹkì lọ mọ́.

Awakọ̀ Àjàṣẹ́

Ṣókí ni tèmi. Ariwo tó ń bá ẹ́ńjìnnì gòkè sọ̀kalẹ̀, mo ti fẹ́ máa tú iwájú mọ́tò. Àbúrò mi na ọwọ́, ó pa rédíò. Ariwo bá a lọ. Ẹ̀rọ agbóhùnsókè tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dè sí i ni, wáyà tó yẹ kó kan irin ara mọ́tò ni wọ́n dè lé orí ọ̀dà. A ha ọ̀dà kúrò, a tún un dè. Ó tán. Ẹ kọ́kọ́ máa pa rédíò o.

Ọmọ Pobẹ̀

Ẹ̀gbọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Tèmi ń ké bíi tiyín gẹ́lẹ́ tí mo bá kọjá 60, ṣùgbọ́n mo yà sọ́tùn-ún, mo yà sósì, kò yí padà. Ṣé mo ṣì lè fi kó èrò?

Bàbá Ṣadé

Àbúrò, má kó èrò o, má fi ẹ̀mí ọmọ ẹlòmíràn dán an wò. Bí roulement bá jẹ tán, táyà lè há tàbí kó máa mì lójú eré. Ṣùgbọ́n bí yíyà ò bá mú un yí padà, ó lè jẹ́ táyà gan-an. Fi ọwọ́ pa ojú táyà rẹ ní iwájú àti lẹ́yìn, bóyá ó jẹ ní gbágungbàgun. Tún ṣàkíyèsí bóyá ohùn ẹ̀ ń yàtọ̀ nígbà tí o bá kúrò lórí títì tuntun bọ́ sórí títì tó ti gbó. Bí ó bá ń yàtọ̀, gbé táyà iwájú lọ sẹ́yìn, gbé tẹ̀yìn wá síwájú, kí o wà á lọ díẹ̀. Bí ariwo bá tẹ̀ lé wọn lọ sẹ́yìn, o ti rí i. Bí kò bá tẹ̀ lé wọn, gbé e sórí jáàkì, kí o sì fọwọ́ kan sípíríǹgì.

Ṣe é lónìí kí ilẹ̀ tó ṣú. Mò ń dúró de èsì rẹ.