Wọn ò gbà kí n dá ọkọ̀ padà: kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní ìlú ọba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọdún 2022 ni mo gba ọkọ̀ lórí PCP (àdéhùn tí a ń san owó ọkọ̀ lóṣooṣù, tí owó ńlá kan á kù ní ìparí bí a bá fẹ́ kí ọkọ̀ di tiwa), oṣù 48. Gbogbo owó inú ìwé àdéhùn, àtèlé àti owó ńlá ìparí, jẹ́ £18,400. Mo ti san £9,375, ó ti lé ní ìdajì. Wọ́n dín wákàtí iṣẹ́ mi kù, apá mi ò ká a mọ́.

Mo kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ tó yá mi lówó ọkọ̀ pé mo fẹ́ fòpin sí àdéhùn lábẹ́ abala 99 òfin Consumer Credit Act 1974, òfin owó yíyá tó gbà kí ènìyàn dá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ padà, kó má sì san ju ìdajì gbogbo owó náà lọ. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀! Wọ́n ní mo ti rin máìlì ju iye tí a jọ sọ, àfi kí n kọ́kọ́ san owó ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ mi ò jẹ gbèsè oṣù kankan, ọkọ̀ ò sì ní àpá kankan, mo ti ya fọ́tò rẹ̀ tinú tòde.

Mo ti kọ ìwé ẹ̀sùn. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ 8 láti fèsì kí n tó gbé e lọ sí Financial Ombudsman Service, àjọ tó ń parí ìjà láàárín oníbàárà àti ilé iṣẹ́ owó. Ṣé kí n ṣì máa san owó oṣooṣù ná? Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má ba credit score mi jẹ́, ìyẹn máàkì tí àwọn ayánilówó fi ń mọ̀ bóyá mo ṣe é yá lówó. Ta ló ti la irú èyí kọjá?