Àbá ni proposal, àmọ́ kí lẹ fẹ́ pe hypothesis?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìjókòó. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ látàná lórí ọ̀rọ̀ tó yẹ kí àwọn ọmọ tó ń ṣe ìwádìí nípa àwùjọ máa lò tí wọ́n bá fẹ́ kọ proposal lédè Yorùbá. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ká pe proposal ní àbá ìwádìí, ká pe hypothesis (ohun tí a rò pé ó rí bẹ́ẹ̀ àmọ́ tí a kò tíì dán wò) ní àbá, theory (àlàyé tó ń sọ ìdí tí nǹkan fi rí bó ṣe rí) ní àbá èrò orí, kí sample (àwọn èèyàn díẹ̀ tí a mú láàárín ọ̀pọ̀ láti bá sọ̀rọ̀) sì jẹ́ àpẹẹrẹ. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an, àkọ́kọ́ yẹn dùn mọ́ mi nínú, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká kó àbá mẹ́ta sínú ìwé kan ṣoṣo, ọmọ tó ń kọ ọ́ á ṣìnà, ẹni tó ń kà á náà á ṣìnà.

Ohun téèyàn ń gbé síwájú ẹlòmíì ni àbá. Ẹni tí a dá a fún lè gbà á, ó lè kọ̀ ọ́, ó sì lè ní ká lọ tún un ṣe. Proposal gan-an nìyẹn, o ń sọ fún súpáfáísọ̀ rẹ tàbí àwọn tó fẹ́ gbówó kalẹ̀ pé ohun tí mo fẹ́ mọ̀ rèé, ìdí tí mo fi fẹ́ mọ̀ ọ́ rèé, bí màá ṣe ṣe é rèé, iye oṣù àti iye owó tó máa gbà rèé, ẹ jẹ́ kí n lọ ṣe é. Hypothesis ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kọmití ò lè dìbò fún un kó wá di òótọ́, ohun tó o bá rí lọ́wọ́ àwọn èèyàn nígbà tó o bá débẹ̀ ló máa sọ bóyá ó dúró àbí ó wó.

Èmi fara mọ́ ọn pé ká pe hypothesis ní ìméfò. Àǹtí kan ti kọ ọ́ síbí pé ẹni tó bá ń méfò kàn ń sọ̀rọ̀ láìnídìí ni, mo sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ ká rántí iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò méjì, Barry Hallen àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúbí Ṣódípọ̀, ṣe pẹ̀lú àwọn oníṣègùn l'Ékìtì, tó jáde ní 1986. Ohun tí wọ́n rí ni pé Yorùbá ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú "mọ̀". Ohun tó o fojú ara ẹ rí lo mọ̀, èyí tí wọ́n sọ fún ẹ lo gbàgbọ́, títí dìgbà tí o máa fi dán an wò tó máa hàn. Èdè wa ti yà á sọ́tọ̀ látọjọ́ tó ti pẹ́, kí ló dé tí a ó fi wá da ohun tí a kò tíì dán wò pọ̀ mọ́ ohun tí a ń tọrọ àyè láti ṣe? Tí ìméfò bá ṣe yín bíi pé kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ká sọ ọ́ di dandan pé kí "nítorí pé" tẹ̀lé e nínú ìwé náà. Theory ní tiẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ ní tíọ́rì, ṣebí gbogbo wa ń kọ fóníìmù àti mófíìmù, àwọn ọ̀rọ̀ ìmọ̀ èdè tí a yá látinú Gẹ̀ẹ́sì, tí kò sì pa ẹnikẹ́ni lára.

Ẹ jẹ́ ká fi èésú àti àjọ ṣe é kó lè yé wa. Ká ní ọmọ kan fẹ́ ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ àwọn ìyá tó ń ta aṣọ ní Gbági n'Ìbàdàn. Ìméfò ẹ̀ ni pé àwọn tó ń dá èésú máa ń tètè rówó kó ọjà tuntun ju àwọn tó ń dá àjọ lọ, nítorí pé owó èésú máa ń wọlé lódindi lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dáa. Ṣùgbọ́n kí ló ń pè ní àjọ? Alájọ ló ń wá lójoojúmọ́ pẹ̀lú káàdì, tó máa ń mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé nínú èésú, gbogbo ẹgbẹ́ ń dá iye kan náà, ẹnì kan á kó o lónìí, ẹlòmíì á kó o nígbà tó ń bọ̀. Àwọn kan sì wà tí wọ́n ń pe méjèèjì ní àjọ! Tí fọ́ọ̀mù bá kàn béèrè pé "ṣé ẹ ń dá àjọ?", ìdáhùn tó máa kó wálé ò ní ṣeé lò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí operational definition, ìyẹn àlàyé ohun tí a ní lọ́kàn gan-an tí a bá lo ọ̀rọ̀ kan nínú ìwádìí, máa jẹ́ ìtumọ̀ ìlò, kó sì wà lójú ewé àkọ́kọ́.

Èyí tó ń dùn mí jù ni "gbólóhùn ìṣòro" tí àwọn kan fi ń túmọ̀ statement of problem, ibi tí ọmọ ti yẹ kó sọ ohun tí a kò tíì mọ̀ tó fẹ́ wádìí. Ọmọ tó bá rí ìṣòro níbẹ̀, ìyà tó ń jẹ ará ìlú ló máa kọ sí ojú ewé méjì, epo ti wọ́n, ìjọba ò ṣe nǹkan kan, kò sì ní sọ ohun tí a kò tíì mọ̀ nípa èésú. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní èrèdí ìwádìí. Samuel Johnson ti mẹ́nu ba èésú nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó jáde ní 1921, William Bascom tó jẹ́ onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá kọ odindi àpilẹ̀kọ lé e lórí ní 1952, torí náà ẹni tó bá kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni ò tíì sọ nǹkan kan nípa ẹ̀ ò tíì ṣe àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Kó sọ ohun tí àwọn wọ̀nyẹn ò kàn.

Ó ku sample. Tẹ́ ẹ bá ní kí ọmọ wá àpẹẹrẹ, ọ̀dọ̀ Ìyálọ́jà àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn ló máa lọ, torí àpẹẹrẹ lójú wa ni èyí tó dáa tó ṣeé fi hàn. Tẹ́ ẹ bá pè é ní àṣàyàn, ìyẹn tiẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí èyí tó dáa jù la máa ń ṣà. Ẹ wo ìwádìí lórí àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ṣe láti Ìbàdàn ní 2003 sí 2004, èèyàn 2,152 tó ti pé ọdún 65 sókè ni wọ́n bá sọ̀rọ̀ ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí a ti ń sọ Yorùbá. Nílé tí àgbàlagbà bá ti ju ẹyọ kan lọ, wọn ò mú ẹni tó yá mọ́ èèyàn jù, àtẹ nọ́ńbà tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ ló ń sọ ẹni tí wọ́n máa bá sọ̀rọ̀. Ìyàn oníkèké ni mo máa pe ìyẹn, irú ṣíṣẹ́ kèké tó wà nínú Bíbélì, kò sójúsàájú níbẹ̀. Ká wá pe àwọn tí kèké bá mú ní ìdá àyẹ̀wò.

Consent, ìyẹn kí ẹni tí a fẹ́ bá sọ̀rọ̀ gbà fún wa, ńkọ́? Ìlànà ìwà tó yẹ nínú ìwádìí ìlera tí orílẹ̀-èdè wa gbé jáde ní 2007 sọ pé kẹ́ni tí a fẹ́ bá sọ̀rọ̀ mọ ohun tó ń wọ̀ kó tó gbà, bó bá sì yá kó lè ní òun ò ṣe mọ́. Àwọn kan níbí ní ká pe ìyẹn ní ìfọwọ́sí. Rárá o! Màmá tó ń tajà bá gbọ́ ìfọwọ́sí, ọkàn ẹ̀ á lọ sórí ilẹ̀, gbèsè àti kóòtù, á ní kẹ́ ẹ máa lọ. Ìyọ̀ǹda ni, torí ẹni tó yọ̀ǹda ara ẹ̀ lè dá a dúró nígbà tó bá wù ú. Ẹni tó bá ṣì ní ìfọwọ́sí ló tọ̀nà, kó sọ ohun tí a ó máa pè é nígbà tí màmá yẹn bá fẹnu lásán gbà, tí kò kọ nǹkan kan sórí ìwé.