Kẹ̀kẹ́ nínú igbó orí òkè: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ọmọ Ìdànrè:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Mo mọ̀ pé a wà níbí tí a máa ń gun kẹ̀kẹ́ wọ igbó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a kàn kì í sọ ọ́ síta ni. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, kí ẹ̀yin náà wá fi tiyín kún un.

Croydon ni mò ń gbé, iṣẹ́ alẹ́ ni mo sì ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ alẹ́ rí mọ̀ bó ṣe ń rí: oorun kì í wá lásìkò, orí á wúwo bí ẹni ru ọlọ. Kẹ̀kẹ́ ló gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún kẹta nìyí tí mo ra kẹ̀kẹ́ gravel kan lálòkù. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, hándù rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ bí ìwo àgbò bíi ti kẹ̀kẹ́ eré ìje, ṣùgbọ́n táyà rẹ̀ fẹ̀, tèmi jẹ́ mìlímítà 40, ó sì ní eyín. Ó ń sáré lórí ọ̀dà, ó sì ń gba ọ̀nà oko.

Oṣù kẹrin ni ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo gbé kẹ̀kẹ́ wọ rélùwéè ní Clapham Junction, mo sọ̀ kalẹ̀ ní Dorking, ní Surrey. Àfonífojì ni ìlú yẹn wà, òkè méjì ló sì dojú kọra níbẹ̀. Ẹfun ni ilẹ̀ èyí tó wà lápá àríwá, òun ni wọ́n ń pè ní North Downs. Iyanrìn ni ti gúúsù, ibẹ̀ ni Leith Hill wà. Igi bo méjèèjì, nítorí náà lójú àlejò, igbó kan náà ni. Ohun tí mo wá sọ gan-an nìyẹn: kì í ṣe igbó kan náà rárá.

Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Bí mo ṣe gun òkè dé Ranmore, ewé igi beech ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, òdòdó bluebell sì tẹ́ abẹ́ igi lọ rẹrẹẹrẹ bí ẹni sá àdìrẹ. Mo kàn ń wò ni, mi ò wo ilẹ̀. Ẹfun tó tutù, tí ewé bò, ilá ni. Táyà iwájú gorí gbòǹgbò kan, ó yọ̀, ìgúnpá ni mo fi balẹ̀. Mo dìde, mo gbọn ara, mo ń lọ. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ “ṣììì” lẹ́yìn mi.

Òkúta dúdú kan wà nínú ilẹ̀ ẹfun yẹn, flint lorúkọ rẹ̀. Bó bá là, etí rẹ̀ mú bí abẹ. Ó ti la ẹ̀gbẹ́ táyà mi, gígùn rẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò. Táyà mi kò ní túbù, oje funfun kan ni wọ́n ń dà sínú rẹ̀ tó máa ń dí ihò fúnra rẹ̀. Oje náà ń tú jáde bí ìgbà tí wọ́n bá sá igi rọ́bà, ó ń ta sí mi lẹ́sẹ̀, kò dí. Mo ní túbù kan nínú àpò, ṣùgbọ́n bí mo bá fi í sínú táyà tó là, á wú jáde lójú ihò náà, á sì bẹ́.

Bàbá òyìnbó kan tó ń rìn pẹ̀lú ajá rẹ̀ dúró. Ó wo táyà, ó bi mí bóyá mo ní owó lọ́wọ́. Mo rò pé ó fẹ́ kí n pe takisí ni. Ó ní rárá, kí n mú owó pọ́n-ùn márùn-ún wá. Láti 2016 ni owó yẹn ti kúrò ní bébà tó di oníke, kì í sì í fà ya bọ̀rọ̀. Ó ní kí n ká a sí mẹ́rin, kí n fi í sí abẹ́ ojú ibi tó là, kí n wá ki túbù bọ inú rẹ̀, kí n má sì fẹ́ ẹ le jù. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Owó pọ́n-ùn márùn-ún yẹn ló gbé mi délé, ó sì wà nínú dúróọ̀ mi títí di òní, pẹ̀lú àmì oje lára.

Mo sọ̀ kalẹ̀ sí Gomshall, mo kọjá sí apá iyanrìn. Ẹ̀yin èèyàn mi! Òjò kan náà ló rọ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n iyanrìn ti mu ún. Ilẹ̀ le, abẹ́rẹ́ igi páìnì bò ó, táyà ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo jẹun ní Peaslake, abúlé kékeré tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ máa ń kún, mo gun Holmbury Hill, tó ga ní mítà 261. Yàrà àwọn ará àtijọ́ ṣì wà lórí rẹ̀, wọ́n ti gbẹ́ ẹ kí wọ́n tó bí Jésù. Mo wá gun Leith Hill, mítà 294. Ilé ìṣọ́ tó wà níbẹ̀, Richard Hull ló kọ́ ọ ní 1765, abẹ́ rẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń rántí bí a ṣe máa ń ka àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè lọ́mọdé, tí a ó ṣìrò, tí a ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ní báyìí, bí òjò bá rọ̀, apá gúúsù ni mo máa ń lọ. Bí ilẹ̀ bá ti gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, mo lè gba orí ẹfun.

Bàbá Ìbejì:

Ọmọ Ìdànrè, o kú ewu. High Wycombe ni èmi ń gbé, lábẹ́ òkè Chilterns. Ẹfun ni tiwa náà, ohun tí o sọ nípa ilá yẹn, òtítọ́ pọ́ńbélé ni.

Kápẹ́ńtà ni mí, ìdí nìyẹn tí igbó beech ibí fi wọ̀ mí lára. Inú igbó yìí ni àwọn agbẹ́gi máa ń jókòó sí láyé àtijọ́, tí wọ́n ń fi igi tútù gbẹ́ ẹsẹ̀ àga, kí wọ́n tó kó o lọ fún àwọn oníléeṣẹ́ àga ní ìlú wa. Àwòdì náà pọ̀ lókè orí rẹ. Wọ́n ti tán níbí nígbà kan rí, láti Spain ni wọ́n ti kó wọn padà wá láàárín 1989 sí 1994.

Ọ̀rọ̀ ẹṣin ni mo fẹ́ fi kún un. Òfin 1968 ló fún wa láyè láti gun kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà ẹlẹ́ṣin, èyí tó ní àmì ọfà búlúù. Ọfà yẹ́lò, ti ẹlẹ́sẹ̀ ni, kò sí ẹ̀tọ́ wa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kan náà ló ní kí a yà fún ẹlẹ́ṣin àti ẹlẹ́sẹ̀. Mo wà nínú ọ̀nà kan tó jinlẹ̀ bíi kòtò, tí kẹ̀kẹ́ ẹrù àti òjò ti gbẹ́ wọlẹ̀ láti ọdún gbọ́nhan, ògiri ilẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, mo sì rí ìyá kan lórí ẹṣin níwájú. Mo ta aago. Ẹṣin náà fò sókè, ó yí po, ìyá yẹn so mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹ̀rù bà mí débi pé ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Nígbà tí ó rọlẹ̀, ó ṣàlàyé fún mi pé ẹṣin kì í mọ ohun tó ń dún gbaga lẹ́yìn òun, àfi kó gbọ́ ohùn èèyàn. Láti ọjọ́ náà, ẹnu ni mo fi ń kí wọn láti òkèèrè, mo sì ń dúró kí wọ́n dá mi lóhùn kí n tó kọjá.

Àjọkẹ́:

Ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì, ẹ ṣeun. Eégbọn ni tèmi o. Lẹ́yìn tí mo gun kẹ̀kẹ́ gba inú koríko gíga kọjá, mo bá ọ̀kan lẹ́yìn orúnkún nígbà tí mò ń wẹ̀, kò ju hóró ọkà bàbà lọ. Ẹ má fà á yọ pẹ̀lú èékánná. Ẹ̀mú tín-ínrín (tweezers) ni kí ẹ fi dì í mú níbi tí orí rẹ̀ ti wọ awọ, kí ẹ fà á sókè jẹ́jẹ́. Bí ibẹ̀ bá pupa tó ń fẹ̀, ẹ tètè lọ rí dókítà, nítorí àìsàn Lyme tí eégbọn máa ń kó ranni. Tèmi pupa, mo lo oògùn, ara mi sì yá.

Ẹ̀gbọ́n Ìdànrè, afẹ́fẹ́ mélòó lẹ máa ń fẹ́ sí táyà?

Ọmọ Ìdànrè:

Bàbá Ìbejì, ẹ ṣé gan-an, sà. Èmi náà ti ń ta aago láti ọjọ́ yìí wá, mi ò mọ̀.

Àjọkẹ́, ìwọ̀n kìlógíráàmù 70 ni mí. 35 psi ni mo ń lò lórí iyanrìn. Bí túbù bá wà nínú rẹ̀, mo ń gbé e sí 42, kí òkúta má baà fún un mọ́ irin.