Lórí “ìpín jíà”: “ìlọ́po” ni èmi fara mọ́

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìjíròrò.

Ẹni tó bi wá léèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá ń kọ ìwé ìlànà fún àwọn Yorùbá tó ń wa Jeep gba orí àpáta àti inú ẹrẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó fẹ́ mọ ohun tí a ó máa pe nọ́ńbà jíà tó wà láàárín táyà méjì, irú bíi 3.73, 4.10 tàbí 4.88. Ẹ̀gbọ́n wa kan dáhùn pé “ìpín jíà” ni. Wọ́n tún ní kí a máa pe 3.73 ní “jíà gíga”, kí 4.88 sì jẹ́ “jíà ìsàlẹ̀”, torí bẹ́ẹ̀ ni àwọn Òyìnbó ń pè é. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n wa, àmọ́ n kò lè gba ọ̀kankan nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ná. Ọ̀pá gígùn kan ń gbé yíyí bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì. Jíà kékeré wà lẹ́nu rẹ̀, òun ló ń fi eyín yí jíà ńlá tó ń yí táyà. Bí kékeré bá ní eyín 10, tí ńlá sì ní 41, kékeré á yí nígbà 4.10 kí ńlá tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí 4.10 ń sọ nìyẹn. Ta ló wá pín nǹkan fún ta? Ìpín ni ohun tó kan èèyàn nígbà tí wọ́n bá pín ogún, tàbí èyí tó yàn láti ọ̀run. Ẹni tó bá gbọ́ “ìpín jíà” á máa wá ohun tí wọ́n pín kiri. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní “ìlọ́po jíà yìí jẹ́ 4.10”, ọmọdé tó mọ ìlọ́po méjì àti ìlọ́po mẹ́ta ti mọ̀ pé nǹkan kan ń yí ju èkejì lọ, ó sì mọ iye ìgbà.

Orúkọ jíà méjèèjì kò jìnnà sí wa. Ẹ rántí ọlọ: ìyá ọlọ dúró sójú kan, ọmọ ọlọ ni ọwọ́ ń tì lọ tì bọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ìyá jíà àti ọmọ jíà. Orúkọ yìí tún ń jẹ́ ká rí ohun tí nọ́ńbà nìkan kò fi hàn. 4.10 jẹ́ eyín 41 sí 10, 4.56 jẹ́ 41 sí 9, 4.88 jẹ́ 39 sí 8. Bí ìlọ́po ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ jíà ń kéré sí i, tí eyín rẹ̀ ń dín kù. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń gun àpáta kì í fi í fẹ́ kí ìlọ́po pọ̀ jù. Ọmọ tó kéré jù lè kán léyín lábẹ́ ẹrù.

“Gíga” àti “ìsàlẹ̀” ló dùn mí jù, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Jeep Wrangler Rubicon tí mo ní ní Houston bá táyà ínǹṣì 32 àti ìlọ́po 4.10 wá. Mo gbé táyà ínǹṣì 35 sí i. Táyà tó tóbi ń rìn jìnnà sí i nínú yíyí kan, nítorí náà ńṣe ló dà bí ẹni pé ìlọ́po já wálẹ̀ sí 3.75. Ọkọ̀ kò yá láti gbéra mọ́, kò lè dúró sí jíà tó kẹ́yìn lójú ọ̀nà márosẹ̀, mítà sì ń sọ máìlì 60 nígbà tí mo ti ń sá ju 65 lọ. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ fi ínǹṣì táyà àtijọ́ pín ti tuntun, kí ẹ fi 4.10 sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀. Tèmi jẹ́ 4.48, èyí tó sún mọ́ ọn lọ́jà sì ni 4.56. Ká ní táyà ínǹṣì 37 ni, 4.74 ni ì bá jẹ́, ǹ bá sì ra 4.88.

Mo pe mẹkáníìkì mi, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, mo ní jíà gíga ni mo fẹ́. Nọ́ńbà tó ga ló wà lọ́kàn mi. Kí n tó débẹ̀, ó ti bá mi wá 3.73 sílẹ̀! Kò ṣì í gbọ́, èmi náà kò purọ́. Ọ̀rọ̀ tí a yá láìyẹ inú rẹ̀ wò ló ṣì wá lọ́nà.

Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ mú “jíà agbára” àti “jíà eré” wá síbí. Olùkọ́ físíìsì tó wà láàárín wa sì ta kò mí pé jíà kì í dá agbára sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì ló ń dá a sílẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ, mo sì ti jọ̀wọ́ “agbára”. Ohun tí jíà ń fi kún ni ipá tó ń yí táyà, ó sì ń fi eré san án. Nítorí náà, kí 4.88 jẹ́ jíà ipá, kí 3.73 jẹ́ jíà eré. Arábìnrin kan ní “ipá” á rán èèyàn létí ìwà ipá. N kò rò bẹ́ẹ̀. Ojoojúmọ́ la ń sa gbogbo ipá wa, kò sì sí ẹni tó ń sá fún wa.

Ó ku ọ̀kan. Ìwé ìlànà náà pe iṣẹ́ yíyọ jíà méjèèjì láti fi òmíràn rọ́pò wọn ní “pípààrọ̀ jíà”. Etí awakọ̀ á gbọ́ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe nígbà tó bá ń ti jíà kìíní bọ́ sí ìkejì. Ẹ jẹ́ ká ní “pípààrọ̀ ìyá àtọmọ”. Wọn kì í ta ọmọ jíà láìsí ìyá rẹ̀, torí pọ̀ ni wọ́n lọ̀ wọ́n kí eyín wọn lè bá ara wọn mu. Kí ìwé náà sì sọ ọ́ ketekete pé ti iwájú àti ti ẹ̀yìn ni wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ sí ìlọ́po kan náà. Bí iwájú bá wà ní 4.10, tí ẹ̀yìn wà ní 4.56, tí awakọ̀ wá jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ lórí ilẹ̀ líle, wọ́n á máa fa ara wọn títí nǹkan á fi kán.