Ayaba Ọ̀run, ta ni ọkọ rẹ̀?

Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín. Àbá tí arákùnrin wa gbé wá ni pé kí a máa lo "abo-ọlọ́run" nígbàkúùgbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìwà ìyá, tàbí ìwà obìnrin, tí àwọn kan rí nínú Ọlọ́run àwọn Júù àti ti àwọn Krìstẹ́nì. Ìdí tí ó fi dá a lábàá ni pé akọ àti abo ni ìwé gírámà wa ń lò. Mo gbà pé a nílò ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n n kò gba èyí. Ẹran ni a máa ń pè ní abo. Bí mo bá pe ìyàwó àbúrò mi ní abo ènìyàn, ọ̀rọ̀ náà yóò di ti ẹbí. Àwọn tí ń bọ Ọ̀ṣun pàápàá kò pè é ní abo òrìṣà rí. Yèyé ni wọ́n ń pè é, ó sì tó. Bí ó bá jẹ́ orúkọ fún èrò náà ni a ń wá, "ipò ìyá nínú Ọlọ́run" yóò yé ẹni tí ó kàwé àti ẹni tí kò kà.

Ohun tí ó mú mi kọ̀wé gan-an kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan ni, tí a ti ń lò láti ìgbà tí Bíbélì tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ ti parí ní ọdún 1884, tí a kò sì bi ara wa léèrè nípa rẹ̀. "Ayaba ọ̀run" ni ọ̀rọ̀ náà, orúkọ òrìṣà obìnrin kan tí àwọn ará Jùdá ń bọ, ó sì wà nínú ìwé Jeremáyà.

Ẹ jẹ́ kí n rán wa létí ìtàn náà. Ní orí keje, wòlíì náà ṣàpèjúwe bí àwọn ará Jùdá ṣe ń bọ ẹni yìí ní òpópó Jerúsálẹ́mù: àwọn ọmọ ń ṣa igi, àwọn bàbá ń dá iná, àwọn ìyá ń po ìyẹ̀fun, wọ́n ń ṣe àkàrà fún un. Gbogbo ilé ni ó lọ́wọ́ sí i. Nígbà tí ìlú wó, tí àwọn tí ó kù sá lọ sí Íjíbítì, Jeremáyà tún bá wọn wí níbẹ̀, wọ́n sì dá a lóhùn, ní orí kẹrìnlélógójì, pé láti ìgbà tí àwọn ti dáwọ́ tùràrí sísun fún un dúró ni ebi àti idà ti ń pa àwọn. Àwọn obìnrin fi kún un pé, ṣé ẹ̀yìn ọkọ àwọn ni àwọn ti ṣe é ni? Ìdáhùn yìí dùn mọ́ mi púpọ̀, nítorí ìbéèrè lórí ọkọ ni èmi náà ní.

Aya ọba ni ayaba. Kò sí bí a ṣe lè yí i tí ọkùnrin kan kò ní sí ní ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà. Èdè Hébérù ní tirẹ̀ mú ọ̀rọ̀ fún obìnrin tí ó wà lórí ìtẹ́ láti inú gbòngbò kan náà tí ó ti mú ọ̀rọ̀ fún ọba, ó sì fi àmì abo sí i. Kò sí ìgbéyàwó nínú rẹ̀. (Àwọn akọ̀wé tí ó fi àmì fáwẹ́lì sí Bíbélì Hébérù ní ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún lẹ́yìn náà tilẹ̀ yí ìpè rẹ̀ padà nínú Jeremáyà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé wọn kò fẹ́ kí ẹnu pe oyè náà fún ẹni tí kì í ṣe Ọlọ́run.) Ìṣòro yìí kan náà ni ó bá obìnrin tí ó kó ràkúnmí wá fi àlọ́ dán Sólómọ́nì wò. Ayaba Ṣeba ni Bíbélì wa pè é, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ orúkọ ọba Ṣeba kankan tí ó fẹ́ ẹ.

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ibi tí gbòngbò rẹ̀ wà, pé ẹni tí ó sọ ayaba lónìí kò ronú kan aya. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí àwọn oníròyìn wa ṣe sọ̀rọ̀ nípa Elizabeth Kejì, tí ó jọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di 2022: Ọbabìnrin ni ọ̀pọ̀ nínú wọn pè é, wọ́n sì fi ayaba tàbí olorì sílẹ̀ fún àwọn ìyàwó ààfin. Etí wa ṣì mọ ìyàtọ̀ náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù ni ti Màríà. Ní ọdún 1954, Póòpù Pius Kejìlá dá ọjọ́ àjọ̀dún sílẹ̀ láti bọlá fún Màríà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó dé adé ní ọ̀run, àwọn Kátólíìkì láàrin wa sì máa ń kí i ní Ayaba. Bí a bá tẹ̀ lé gbòngbò ọ̀rọ̀ náà, a ti sọ ọ́ di aya Ọba ọ̀run, bẹ́ẹ̀ ọmọ rẹ̀ ni Ọba náà. Ohun tí ó wà nínú Bíbélì yàtọ̀. Ní ààfin Jùdá, ìyá ọba ni ó ní oyè tí Hébérù ń pè ní gevirah. Nígbà tí Batṣeba wọlé tọ Sólómọ́nì, ọba dìde, ó tẹrí ba fún un, ó sì ní kí wọ́n tẹ́ ìtẹ́ fún ìyá ọba ní ọwọ́ ọ̀tún òun. Oyè tí a lè gbà lọ́wọ́ ẹni ni pẹ̀lú: Ásà, ọba Jùdá, gbà á lọ́wọ́ Máákà, ìyá ọba, nítorí pé obìnrin náà ṣe ère fún Aṣera, òrìṣà obìnrin kan ní ilẹ̀ Kénáánì.

Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní láti wá ọ̀rọ̀ fún èyí. Ìyá Ọba jẹ́ oyè ní Ọ̀yọ́, kì í sì í ṣe ìyá tí ó bí Aláàfin ni ó ń jẹ ẹ́. Obìnrin mìíràn ni a ń fi sí ipò náà. Samuel Johnson tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, pé olóyè obìnrin kan wà ní ààfin tí ń bọ ẹ̀mí àwọn ọba tí ó ti wàjà, tí Aláàfin ń pè ní Bàbá, tí ó sì ń kúnlẹ̀ kí. Ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù pé èdè wa kò ní lè gbé ọ̀rọ̀ ìyá àti bàbá lórí ẹni kan ṣoṣo, kí ó wo ibẹ̀.

Àwọn Júù pẹ̀lú ti jà irú ìjà yìí. Rabbanit ni orúkọ tí wọ́n ń pe ìyàwó rábì, olùkọ́ ẹ̀sìn wọn, gẹ́gẹ́ bí ayaba ṣe jẹ́ ìyàwó ọba. Nígbà tí obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gba oyè rábì fúnra rẹ̀ (Regina Jonas ni àkọ́kọ́, ní Jámánì, ní 1935, Auschwitz ni wọ́n pa á sí), ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ kò bá a mu mọ́. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí Sara Hurwitz parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ láàrin àwọn Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì, àwọn Júù tí wọ́n di àṣà àtijọ́ mú, maharat, oyè tuntun kan, ni wọ́n kọ́kọ́ pè é ní 2009, wọ́n yí i sí rabba, èyí tí í ṣe rábì pẹ̀lú àmì abo, ní 2010, ariwo sì sọ lórí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ju bí ó ti sọ lórí iṣẹ́ tí ó ń ṣe lọ.

Mo rí tiwa ní ìsìn ìkórè kan. Obìnrin tí ó fẹ́ wàásù ti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀sìn kí ó tó fẹ́ ọkọ rẹ̀. Nínú ìwé ètò ìsìn, wọ́n kọ ọ́ pé: "Ìwàásù: Ìyàwó Olùṣọ́-àgùntàn." Kò sí orúkọ. Ó mú bírò nínú àpò rẹ̀, ó fa ìlà sí i, ó kọ "Oníwàásù" sókè rẹ̀, ó sì gòkè lọ. Ìwé tí ó wà lọ́wọ́ tèmi kò yí padà.

Nítorí náà, ìlànà tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a máa sọ obìnrin ní orúkọ ohun tí ó ń ṣe. Crowther mọ̀ ọ́n ṣe nígbà mìíràn. Nínú Jẹ́nẹ́sísì, "olùrànlọ́wọ́" ni ó pe obìnrin tí Ọlọ́run dá, gbòngbò ọ̀rọ̀ Hébérù tí ó wà níbẹ̀ kan náà ni ó sì wà nínú Sáàmù 121, níbi tí ìrànlọ́wọ́ ti ń ti ọwọ́ Olúwa wá. Àwọn oníwàásù tí ń fi olùrànlọ́wọ́ túmọ̀ ìránṣẹ́ ilé kò tíì pe Olúwa ní ìránṣẹ́ wọn.

Ìlànà yìí náà ni mo fi dáhùn ìbéèrè bí a ó ṣe túmọ̀ Shekhinah, orúkọ tí àwọn Júù fi ń pe wíwà Ọlọ́run láàrin ènìyàn, tí ẹnu àwọn ará ìjọ wa ń pè ní Ṣẹkáínà. Àwọn kan ní kí a pè é ní Ògo. Rárá o, Hébérù ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún ògo. Shekhinah kò sí nínú Bíbélì. Àwọn rábì ni wọ́n dá a sílẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí kí ènìyàn máa gbé ibì kan, tí orúkọ àgọ́ aginjù náà ti wá. Ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ nínú Talmud, ìwé ẹ̀kọ́ àwọn rábì, ni pé ó bá Ísírẹ́lì lọ sí ìgbèkùn, àti pé ó wà lókè orí aláìsàn, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó lọ kí aláìsàn kò gbọdọ̀ jókòó sórí ibùsùn. Ilẹ̀ ni kí ó jókòó sí. "Abánigbé" ni mo dábàá. Nígbà tí Zohar, ìwé ìjìnlẹ̀ àṣírí àwọn Júù, jáde ní Sípéènì ní ìparí ọ̀rúndún kẹtàlá, Abánigbé yìí ti di obìnrin gbangba, ọmọbìnrin àti ìyàwó. Títí di òní, nínú sínágọ́gù, ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, àwọn ènìyàn a yíjú sí ẹnu ọ̀nà, wọn a tẹrí ba kí Sábáàtì bí ìyàwó tí ń wọlé. Níbẹ̀, "ìyàwó" kò ní àléébù. Àwa tí ń pe ọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹ̀sìn òrìṣà ní ìyàwó òrìṣà, tí àwọn ará Brazil sì ń pè é ní iaô títí di òní, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu.

Ẹ ó sọ pé mo lé "abo" jáde, mo wá ń fi "bìnrin" wọlé pẹ̀lú ọbabìnrin. Òótọ́ ni, n kò rí èyí tí ó sàn jù. Fún Màríà, Ìyá Ọba. Fún Ṣeba àti fún ẹni inú Jeremáyà, ọbabìnrin. Mo mọ̀ pé ní Kuntillet Ajrud, ní aṣálẹ̀ Sínáì, a rí ìkòkò ńlá ní 1975 sí 1976, tí a ti kọ ìre sí lára ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹjọ ṣáájú ìbí Krístì, ní orúkọ Yahweh, Ọlọ́run Ísírẹ́lì, ti Samáríà "àti Aṣera rẹ̀", àwọn onímọ̀ sì ń jiyàn títí di òní bóyá ìyàwó ni Aṣera yẹn tàbí òpó igi lásán, àti bóyá òun ni àwọn obìnrin Jùdá ń ṣe àkàrà fún. Bí wọ́n bá parí iyàn náà lọ́la, tí ó sì jẹ́ pé aya ni ní tòótọ́, èmi fúnra mi ni n ó kọ́kọ́ dá ayaba padà sínú ẹsẹ̀ náà.